Àlọ́ Lábẹ́ Ìbẹ̀rù Ikú: Àgbéyẹ̀wò Fíìmù La Nuit des rois ti Philippe Lacôte

Ìfáárà

Bí a bá dárúkọ ọgbà ẹ̀wọ̀n níwájú ọmọ Rẹ́mọ tó kàwé, àwọn ẹni ńlá ni ọkàn rẹ̀ yóò kọ́kọ́ lọ bá. Ní ọdún 1963 ni ilé-ẹjọ́ rán Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ bíbí Ìkẹ́nnẹ́, lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá lórí ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ sí ìjọba; ọgbà ẹ̀wọ̀n Kàlàbá ló sì ti jáde nígbà tí ìjọba Yakubu Gowon dá a sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1966. Táí Ṣólàrín, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ bákan náà, wà ní àtìmọ́lé lábẹ́ ìjọba ológun Muhammadu Buhari láàárín ọdún 1984 sí 1985. Wọlé Ṣóyínká, tí baba rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìsarà, ìlú tí òun àti Ìpara jọ wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Rẹ́mọ, wà ní àtìmọ́lé láti ọdún 1967 sí 1969. Ìwé The Man Died tó kọ lórí ìrírí náà jáde ní ọdún 1972, fíìmù tí Awam Amkpa darí láti inú ìwé náà sì jáde ní ọdún 2024. Irú ẹlẹ́wọ̀n báyìí mọ ìdí tí wọ́n fi tì í mọ́lé. Ó mọ̀wé kọ, ó ní agbẹjọ́rò, àwọn ènìyàn sì wà lẹ́yìn odi tí wọ́n ń ka ọjọ́ dè é.

Ẹlẹ́wọ̀n mìíràn wà tí lítíréṣọ̀ kì í sábà kà sí. Òun ni gbéwiri inú ọjà, jáguńdà ibùdókọ̀, ọmọ tí ọlọ́pàá kó mọ́ èrò lóru tí orúkọ rẹ̀ kò sì tíì kan adájọ́ létí. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá tilẹ̀ wọ inú eré-onítàn tàbí sinimá àgbéléwò wa, ńṣe ni wọ́n máa ń fi í ṣe ẹ̀kọ́ fún àwọn tó kù: ó jalè, ó ṣẹ̀wọ̀n, ìtàn tán. Fíìmù La Nuit des rois (2020), èyí tí a lè túmọ̀ sí ‘Alẹ́ Àwọn Ọba’, ṣe ohun tó yàtọ̀ sí èyí. Ó mú ọmọ gbéwiri kan láti Àbíjàn, ó fi í sí àárín ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹlẹ́wọ̀n, ó sì ní kí ó máa sọ̀tàn títí ilẹ̀ yóò fi mọ́ bí kò bá fẹ́ kú.

Èrò tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé fíìmù náà mọ ohun tí àlọ́ jẹ́ ju ọ̀pọ̀ ìwé tí a fi ń kọ́ àlọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ lọ, nítorí pé ó fi hàn pé ọwọ́ elégbè ni ẹ̀mí apàlọ́ wà. Ṣùgbọ́n adé tó gbé lé ọgbà ẹ̀wọ̀n lórí bo ohun kan mọ́lẹ̀. Ohun náà ni ìdájọ́ tí kò dé, èyí tó jẹ́ orísun púpọ̀ nínú rògbòdìyàn ọgbà ẹ̀wọ̀n ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà.

Ọgbà Ẹ̀wọ̀n tó Bí Fíìmù náà

Philippe Lacôte, tí a bí sí Àbíjàn ní ọdún 1969, ló kọ fíìmù náà tó sì darí rẹ̀. Fíìmù rẹ̀ tó ṣáájú ni Run (2014). Ìlú Venice ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi La Nuit des rois han òǹwòran ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2020. Orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire fi í ránṣẹ́ síbi ìdíje Oscar, ó sì wọ ara àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí wọ́n ṣà lẹ́ṣà ní ọdún 2021. Èdè Faransé, Dioula àti Nouchi, tí í ṣe ẹnà àwọn ọ̀dọ́ Àbíjàn, ni àwọn ẹ̀dá-ìtàn ń sọ. Kò sí èdè kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ní Rẹ́mọ gbọ́, síbẹ̀ kò sí ìran kan nínú fíìmù náà tí yóò ṣe àjèjì sí i.

Ibùdó ìtàn náà wà lóòótọ́. Maison d'Arrêt et de Correction d'Abidjan ni orúkọ tó ń jẹ́ nígbà tí fíìmù náà jáde, MACA sì ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Agbègbè Yopougon ló wà, lẹ́bàá igbó Banco. Ní ọdún 1980 ni wọ́n kọ́ ọ fún nǹkan bí 1,500 ẹlẹ́wọ̀n. Nígbà tí Lacôte ń ṣe fíìmù rẹ̀, àwọn tó wà nínú rẹ̀ ti lé ní ìlọ́po mẹ́ta iye yẹn. Kì í ṣe inú ìwé ni olùdarí yìí ti mọ ibẹ̀. Wọ́n ti ti ìyá rẹ̀ mọ́ inú ọgbà náà rí nítorí ọ̀rọ̀ òṣèlú, nígbà tí òun ṣì wà lọ́mọdé, ó sì máa ń lọ bẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ ìgbà èwe kan, tí òun náà ti ṣẹ̀wọ̀n níbẹ̀, sọ fún un nípa àṣà kan tó wà láàárín àwọn ẹlẹ́wọ̀n: wọn a yan ẹnì kan, wọn a sọ ọ́ ní Roman, iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa sọ̀tàn fún wọn. ‘Roman’ ní èdè Faransé ni ìwé ìtàn àròsọ. Wọ́n sọ ènìyàn di ìwé.

Ọ̀rọ̀ pé ẹlẹ́wọ̀n ń jọba lórí ẹlẹ́wọ̀n náà kì í ṣe àhesọ. Ní ogúnjọ́ oṣù kejì ọdún 2016, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ nínú MACA. Wọ́n pa Yacouba Coulibaly, tí ayé mọ̀ sí Yacou le Chinois, ẹlẹ́wọ̀n tí àṣẹ rẹ̀ múlẹ̀ nínú ọgbà náà débi pé orúkọ rẹ̀ ti di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ní Àbíjàn kó tó kú. Ènìyàn bíi mẹ́wàá ló bá ọ̀rọ̀ náà lọ, wọ́dà kan sì wà lára wọn. Fíìmù Lacôte kì í ṣe ìròyìn ìṣẹ̀lẹ̀ yìí, kò sì dárúkọ ọkùnrin náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2016 kò ní í rò pé àròsọ lásán ni ọba tí ń kú lọ nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n, tí àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ sì ń pọ́n ọ̀bẹ.

Ó yẹ kí a fi kún un pé Àbíjàn kò jìnnà sí ọmọ Yorùbá bí àwòrán ilẹ̀ ṣe fi í hàn. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ará Èjìgbò ti ń lọ ṣòwò níbẹ̀, tí wọ́n ń bímọ síbẹ̀, tí wọ́n sì ń kọ́lé sí Èjìgbò láti ibẹ̀. Ọ̀nà márosẹ̀ Ìbàdàn sí Èkó, tí kò jìnnà sí Ìpara, wà lára ọ̀nà tí a ń gbà rin ìrìn àjò náà kí a tó kọjá ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀.

Àkàlẹ̀ Ìtàn

Ìtàn náà kò gba ju alẹ́ kan lọ. Ọkọ̀ ọlọ́pàá gbé ọ̀dọ́kùnrin kan (Bakary Koné) dé MACA. Ọ̀kan lára ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìta tí wọ́n ń pè ní Microbes ni. Ní Àbíjàn gidi, orúkọ yìí wá láti inú fíìmù ilẹ̀ Brazil kan, City of God (2002). Fíìmù bọ́ sí ìgboro, ìgboro sì tún padà sínú fíìmù. Ẹlẹ́wọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní Barbe Noire (Steve Tientcheu) ló ń ṣàkóso ọgbà náà, Dangôro sì ni oyè rẹ̀. Òfin ibẹ̀ ni pé bí ara Dangôro kò bá le mọ́, tí kò lè ṣàkóso, dandan ni kí ó fọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀. Ara Barbe Noire kò le. Agbára káká ló fi ń mí. Kí ó lè fi ọjọ́ ikú sẹ́yìn díẹ̀, ó kéde pé òṣùpá pupa yóò yọ lálẹ́ ọjọ́ náà, ó sì yan àlejò tuntun yìí ní Roman.

Òyìnbó kan ṣoṣo ló wà láàárín àwọn ẹlẹ́wọ̀n náà. Silence (Denis Lavant) ni wọ́n ń pè é, adìẹ kan kì í sì í kúrò lára rẹ̀. Òun ló ta ọmọkùnrin náà lólobó pé bí ìtàn bá ti parí kí ilẹ̀ tó mọ́, pípa ni wọn yóò pa á. Láti ìgbà náà lọ ni Roman ti bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìtàn gùn. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Zama King, olórí àwọn Microbes tí èrò ìgboro lù pa. (Ọ̀dọ́ kan tí ń jẹ́ Zama wà lóòótọ́ ní àdúgbò Abobo tó kú irú ikú yìí.) Nígbà tí ìtàn yìí fẹ́ tètè tán, ó ní baba Zama jẹ́ afọ́jú kan tí ń jẹ́ Soni, ó gbé e lọ sí ààfin ayaba kan tó ń bá arákùnrin rẹ̀ jà, ó fi oògùn sí i, ó tún fà á dé ìṣubú Laurent Gbagbo ní oṣù kẹrin ọdún 2011. Ní gbogbo àkókò yìí, Lass àti Demi-Fou, tí oyè náà wu àwọn méjèèjì, ń kó ènìyàn jọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, Dangôro kú, ìjà bẹ́, àwọn wọ́dà sì yìnbọn.

Ọba tí Ara Rẹ̀ Kò Le

Àwọn lámèyítọ́ ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà tètè rántí Scheherazade, obìnrin inú ìtàn Lárúbáwá tó ń fi ìtàn ra ọjọ́ ayé rẹ̀ lọ́wọ́ ọba. Àfiwé náà tọ̀nà, ṣùgbọ́n kò dé ìdí ọ̀rọ̀. Nínú ìtàn Scheherazade, ọba ló fẹ́ pa asọ̀tàn. Nínú fíìmù yìí, ikú ń bẹ lọ́rùn àwọn méjèèjì, ìtàn kan náà sì ni wọ́n jọ fi ń sá fún un.

Òǹwòran Yorùbá ní àfiwé tó súnmọ́ ilé ju ìyẹn lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti ka Baṣọ̀run Gáà (1972) ti Adébáyọ̀ Fálétí mọ ohun tó túmọ̀ sí kí Ọ̀yọ́ Mèsì kọ ọba. Wọn a gbé òfìfo igbá tàbí ẹyin odídẹrẹ́ ránṣẹ́ sí Aláàfin, kò sì ní í retí àlàyé kankan. Ó ti mọ̀ pé ayé kọ òun, ilẹ̀ kọ òun, àfi kí òun tẹ́rí gbaṣọ. Ẹni tó bá sì ti wo Ọba Wàjà (1964) ti Dúró Ládípọ̀, tàbí fíìmù Ẹlẹ́ṣin Ọba (2022) ti Bíyì Bándélé, yóò mọ ìdààmú ẹni tí ilé ayé ṣì ń dùn mọ́ nínú nígbà tí ìlù ikú rẹ̀ ti ń dún. Barbe Noire dàbí Aláàfin tí a kọ̀, ó sì dàbí Ẹlẹ́ṣin tó ń fi òní dọ́la. Steve Tientcheu mọ èyí, kò sì fi ariwo ṣe é. Ó jókòó, ó ń mí, ó ń wo àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ bí baba àgbà tó ń wo àwọn ọmọ tó fẹ́ pín ogún rẹ̀ lójú ayé rẹ̀. Nínú gbogbo ìfìwàwẹ̀dá fíìmù náà, tirẹ̀ ló jinlẹ̀ jù.

Ṣùgbọ́n ibi tí àfiwé Ọ̀yọ́ yìí ti yẹ̀ ló ṣe pàtàkì. Ní Ọ̀yọ́, ẹni tó ń kọ ọba kò dá wà. Bí Ọ̀yọ́ Mèsì ṣe ń ká Aláàfin lọ́wọ́ kò, bẹ́ẹ̀ ni àwọn Ògbóni ń ká Ọ̀yọ́ Mèsì lọ́wọ́ kò. Nígbà tí Gáà gba ìṣàkóso mọ́ àwọn ọba lọ́wọ́, tí ó ń rán wọn lọ sọ́run níkọ̀ọ̀kan, ìlú mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́, Aláàfin Abíọ́dún sì pa á ní ọdún 1774. Nínú MACA ti Lacôte, kò sí Ògbóni. Kò sí ìjòyè tí ọ̀rọ̀ náà kàn ju pé kí òun náà jọba. Àwọn wọ́dà ti kó ara wọn sínú yàrá kan tí wọ́n ti ń yọjú wo ohun tó ń lọ, Nivaquine (Issaka Sawadogo), tó ń jẹ́ orúkọ oògùn ibà, ni olórí wọn. Wọ́n di òǹwòran bíi ti àwa tó ń wo fíìmù. Ìran yìí nìkan tó láti fi jẹ́ ẹ̀sùn lọ́rùn ìjọba, fíìmù náà kò sì kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ ẹnu ṣàlàyé rẹ̀.

Apàlọ́ àti Elégbè

Ọ̀nà méjì ni a pín àlọ́ Yorùbá sí: àlọ́ àpamọ̀ àti àlọ́ àpagbè. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ NCE ló mọ èyí sórí. Ohun tí wọn kì í sábà bi ara wọn ni ìdí tí ọ̀kan fi ń jẹ́ ‘àpagbè’. Kì í ṣe ‘àpasọ’, kì í ṣe ‘àpagbọ́’. Àwọn baba wa fi ègbè sọ ọ́ lórúkọ. Àlọ́ tí kò bá ní ẹni tí yóò dáhùn ìpè, tí kò ní ẹni tí yóò gbe orin, ìtàn lásán ni. Nínú ìwé kíkà ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n ti yọ elégbè kúrò. Ohun tó kù ni Ìjàpá, ìwà ọ̀kánjúwà rẹ̀, àti ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ ní ìsàlẹ̀ ojú-ìwé. Ọmọ tó ń kọ́ àlọ́ lọ́nà yìí dàbí ẹni tó ń kọ́ ijó lórí pátákó ìkọ̀wé.

La Nuit des rois dá elégbè padà sí àyè rẹ̀. Nígbà tí Roman kọ́kọ́ dìde láàárín èrò, kò ní ohùn. Ojú tì í, ẹ̀rù bà á, ọ̀rọ̀ sì ń já lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n ló gbà á. Ẹnì kan bẹ́ sí àárín, ó fi ara rẹ̀ ṣe ohun tí Roman dárúkọ. Àwọn mìíràn tò tẹ̀lé e, wọ́n di ogun, wọ́n di èrò ìgboro. Orin sọ láti igun kan, igun kejì gbè é. Bí Roman bá sọ ohun tí kò bá wọn lára mu, wọn a kígbe mọ́ ọn, wọn a já a nírọ́, òun náà a sì yí ọ̀rọ̀ padà. Kò sí ẹni tó kọ́ wọn ní ìpàdé ìdánrawò kankan. Lójú òǹwòran tó bá ti jókòó nídìí àlọ́ rí lábẹ́ òṣùpá ní agboolé kan ní Ìpara tàbí ní Ìsarà, kò sí ohun àràmérìíyìírí nínú èyí: bí àlọ́ ṣe rí nìyẹn. Àwọn alárìíwísí òkè òkun tí wọ́n kọ̀wé pé ńṣe ni ìran wọ̀nyí dàbí eré orí ìtàgé ti Yúróòpù àtijọ́ kàn ń fi ohun tí wọ́n mọ̀ wọn ohun tí wọn kò mọ̀ ni.

Roman sọ níbì kan pé griot ni àǹtí tó tọ́ òun dàgbà. Griot láàárín àwọn Mandé jọ arọ́kìn Ọ̀yọ́, nítorí pé ìdílé ni wọ́n ti ń jogún iṣẹ́ náà, ìtàn àwọn ọba ni wọ́n sì ń tọ́jú. Roman kò jogún ohunkóhun ju àgbọ́sórí lọ. Ohun tó fi ń ṣe griot ni ohun tó gbọ́ nígbà tó wà lọ́mọdé, tí kò mọ̀ pé òun ń gbọ́. Èyí ló mú kí ọ̀nà ìsọ̀tàn rẹ̀ rí wúruwùru: Zama, ọmọ ìgboro tó kú láìpẹ́ yìí, ní baba tó gbé ayé láàfin ìgbà láéláé. Àwọn kan ti ka èyí sí àléébù nínú àhunpọ̀ ìtàn. Àléébù kọ́. Ọmọ tí ń sá fún ikú kò ní àkókò láti to ọdún jọ. Ohun tó bá wà ní àrọ́wọ́tó ni yóò mú. Àlọ́ tiwa náà kò bìkítà fún kàlẹ́ńdà. Ìjàpá wà láyé nígbà tí ẹranko ń fọhùn, ó sì tún wà níbẹ̀ nígbà tí ọba ń ná owó ẹyọ.

Èèwọ̀ kan wà tó yẹ kí a rántí níbí. Wọn kì í pa àlọ́ lọ́sàn-án. Òru ni àkókò rẹ̀, nígbà tí iṣẹ́ oko ti parí. Àwọn onímọ̀ sábà máa ń ṣàlàyé èyí gẹ́gẹ́ bí ọgbọ́n tí àwọn àgbà dá kí ọmọ má baà fi iṣẹ́ sílẹ̀ tọ́jọ́. Fíìmù yìí fi ojú mìíràn wò ó. Fún Roman, ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ ló yọ ọ́ kúrò lọ́wọ́ ikú. Òru nìkan ni ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ fi lágbára, òru náà sì ni ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu. Ààlà tí èèwọ̀ wa fi sí àárín ọ̀sán àti òru ni gbogbo fíìmù náà rọ̀ mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Lacôte kò gbọ́ Yorùbá.

Ohun tí Kò sí nínú Fíìmù náà

Nínú nǹkan bí wákàtí kan àbọ̀ tí fíìmù náà gbà, àwọn ẹlẹ́wọ̀n sọ̀rọ̀ nípa oyè, nípa òṣùpá, nípa ìfẹ́, nípa ìjà. Ọ̀rọ̀ ilé-ẹjọ́ kò gba àyè kankan níbẹ̀. Òǹwòran kò rí ẹni tó ń retí agbẹjọ́rò, kò sì rí ẹni tí ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ rẹ̀ yẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí ọgbà ẹ̀wọ̀n wa ṣe rí yóò mọ̀ pé èyí ṣòro láti gbà gbọ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹjọ́ ni ẹlẹ́wọ̀n fi ń jí, òun náà ló fi ń sùn.

Ní Nàìjíríà, ó ti pẹ́ tí àwọn tó ń retí ìdájọ́ ti ju ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún gbogbo ẹni tó wà lẹ́wọ̀n lọ. Yíyí orúkọ padà ní ọdún 2019, tí iléeṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n fi di iléeṣẹ́ àtúnṣe ìwà, kò tíì yí èyí padà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2007, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi ní Ìbàdàn, ọ̀pọ̀ ẹlẹ́wọ̀n sì bá a lọ. Ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹwàá ọdún 2021, àwọn agbébọn fọ́ ọgbà Abólóńgọ̀ ní ìlú Ọ̀yọ́. Ọ̀ràn ti Abólóńgọ̀ yàtọ̀, nítorí pé ìta ni ogun náà ti wá. Ṣùgbọ́n iye kan wà nínú rẹ̀ tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń kọ̀wé lórí ọgbà ẹ̀wọ̀n mọ̀. Àwọn 837 ni ìjọba sọ pé wọ́n jáde lóru ọjọ́ náà. Gbogbo wọn pátá ló jẹ́ ẹni tó ń retí ìdájọ́. Àwọn tí ilé-ẹjọ́ ti dá lẹ́bi kò kúrò níbi tí wọ́n wà.

Bí a bá gbé iye yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ fíìmù Lacôte, a ó rí ohun tí adé Dangôro bò mọ́lẹ̀. Rògbòdìyàn inú fíìmù náà jẹ́ ti oyè; ìjà ta ni yóò jọba ni. Nítorí náà, nígbà tí ìbọn dún, ó dàbí ohun tí àyànmọ́ ti kọ sílẹ̀, bí òṣùpá pupa. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni béèrè fún tí wọn kò ṣe fún un. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wé rògbòdìyàn ọgbà ẹ̀wọ̀n Attica ní ìpínlẹ̀ New York, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1971. Níbẹ̀, àwọn ẹlẹ́wọ̀n to ohun tí wọ́n ń fẹ́ lẹ́sẹẹsẹ: oúnjẹ tó dára, ìtọ́jú aláìsàn, òmìnira ẹ̀sìn. Ènìyàn 43 ló kú nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, púpọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ pé ìbọn ìjọba ló pa wọ́n. Fíìmù tí Stanley Nelson ṣe lórí rẹ̀ ní ọdún 2021 jẹ́ kí àwọn tó ṣẹ́kù láyé fi ẹnu ara wọn sọ ohun tí wọ́n béèrè. Fíìmù tí Nelson ṣe kò ní ẹwà ti Lacôte rárá, ṣùgbọ́n òǹwòran jáde níbẹ̀ pẹ̀lú ìbínú tó ní orúkọ.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan dáhùn pé fíìmù kì í ṣe ìwé ẹ̀bẹ̀, àti pé Lacôte kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè ọ̀rọ̀ ilé-ẹjọ́. Òótọ́ ni. Iṣẹ́ ọnà ní ẹ̀tọ́ láti yan ohun tí yóò sọ. Ṣùgbọ́n fíìmù yìí fúnra rẹ̀ ló mú ìṣubú Gbagbo wọlé, òun ló mú ikú Zama láàárín ìgboro wọlé. Ó ti ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún ìtàn gidi, ó sì wá tì í mọ́ ọ̀kan ṣoṣo lójú. Ọmọkùnrin tó ń jẹ́ Roman yìí, kí ni wọ́n fi kàn án? Ṣé adájọ́ ti rí i? Títí tí fíìmù náà fi parí, orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ní ọjọ́ kẹjọ kò jáde. Lójú Yorùbá, tí kì í fi ọ̀rọ̀ orúkọ ṣeré, àìsí orúkọ yìí wúwo. Bóyá Lacôte mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, kí a lè mọ̀ pé ọgbà náà ti jẹ orúkọ ọmọ náà. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ìran kan ṣoṣo tí ẹnì kan ti béèrè orúkọ yẹn, tí kò sì rí ìdáhùn, ìbá ti jẹ́ kí ó yé wa.

Fíìmù náà àti Olùkọ́ Yorùbá

Fíìmù yìí kò yẹ fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama kékeré, nítorí ìwà ipá inú rẹ̀. Fún akẹ́kọ̀ọ́ NCE ní ọdún kejì tàbí ìkẹta, ó wúlò púpọ̀, pàápàá àwọn tó ń múra láti lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò ní irú ìlú bí Ìpara, níbi tí àwọn àgbà tó mọ àlọ́ pa ṣì wà nítòsí ilé-ẹ̀kọ́. Kí olùkọ́ kọ́kọ́ fi ìran ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn Roman hàn wọ́n láìsí ohùn, kí ó ní kí wọ́n tọ́ka sí elégbè. Lẹ́yìn náà kí ó rán wọn jáde lọ gba àlọ́ sílẹ̀ lẹ́nu àgbàlagbà kan, kí wọ́n sì kọ ohun tí àwọn olùgbọ́ ń ṣe sílẹ̀, yàtọ̀ sí ohun tí apàlọ́ ń sọ. Púpọ̀ nínú wọn yóò rí i pé ohun tí olùgbọ́ ṣe gùn ju ìtàn lọ.

Iṣẹ́ ìtumọ̀ tún wà níbẹ̀. Àkọlé ìsàlẹ̀ fíìmù náà wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, a sì lè ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tú díẹ̀ nínú rẹ̀ sí Yorùbá àjùmọ̀lò, kí àwọn ọmọ Rẹ́mọ tó wà láàárín wọn sì tú u sí ẹ̀ka-èdè Rẹ́mọ. Dangôro kò ní í nira púpọ̀. Wọ́n lè fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, bí a ṣe ń fi orúkọ oyè ìlú mìíràn sílẹ̀. Roman ni yóò dá ìjà sílẹ̀. Bí ẹnì kan bá pè é ní apàlọ́, ó ti sọ pé òru àti elégbè ni agbára rẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá pè é ní arọ́kìn, ó ti fún ọmọ gbéwiri ní ìdílé àti ààfin. Ẹni tó bá sì pè é ní asọ̀tàn ti yan ọ̀rọ̀ tí kò lè gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ikú.